Wọ́n Kó Gbogbo Ìròyìn Lọ

Ìyá Ìbejì, ẹ sún díẹ̀ kí n rí ibi fìdí lé, ìbàdí ń ro mí. Ẹ̀pẹ́ kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé. Sábó la ti wọkọ̀, ẹni mẹ́rin ni dẹ́rẹ́bà há mọ́ ìjókòó ẹni mẹ́ta, obìnrin kan tó gbé abọ́ ìkọ́kọrẹ́ lé itan sì ń fi ìgúnpá gún mi níhà láti Ìmọ̀tà títí a fi gun afárá Ìtòìkín. Ìkọ́kọrẹ́ ọ̀hún ń ta sánsán, ẹja inú ẹ̀ ń yọjú, kò tiẹ̀ fi lọ̀ mí. Ayé ti bàjẹ́.

Ibi fídáù Màmá Kánsẹ́lọ̀ ni mo ti ń bọ̀. Ó pé ọjọ́ mẹ́jọ lónìí tí wọ́n papò dà. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n sin wọ́n sí, nítorí ọmọ Èkó-Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n, àmọ́ Ìkòròdú níbí ni wọ́n lo ayé wọn sí. Àwọn ará ọ̀dọ̀ wa ní ìhín ló yẹ kí àdúrà ti wáyé, àwọn ẹbí Ẹ̀pẹ́ fàáké kọ́rí. Ó kù díẹ̀ kó dìjà. Ká sọ tòótọ́, mo ti ń tún gèlè mi so kí n lè ríran dáadáa, àfi bí lèmọ́mù ṣe dá sí i tí gbogbo ẹ̀ rọ̀. Wọ́n pín ìrẹsì àti ẹja. Ẹja Ẹ̀pẹ́, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, bó ṣe ń kúrò nínú ọ̀sà ló ń wọnú ìkòkò. Mo di tèmi sínú ọ̀rá. Ẹ má wo àpò mi, ó ti tán lójú ọ̀nà.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ń dùn mí. Ẹ má rò pé ikú nìkan ni mo ń sunkún ẹ̀. Inú ń bí mi. Láti ìgbà tí mo ti ṣísọ̀ gaàrí, èlùbọ́ àti iyọ̀ síwájú ilé yìí ni obìnrin yìí ti ń gbé ní ọ̀kánkán mi, kò sì sí àṣírí kan ní àdúgbò tí wọn ò mọ̀. Ọmọ tó lóyún tí ìyá ẹ̀ ò tíì fura, wọ́n mọ̀. Ọkọ tó ń múra jáde láàárọ̀ bí ẹni ń lọ síbi iṣẹ́, tó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti dá a dúró, wọ́n mọ̀. Ọmọ tó ná owó WAEC, tó wá ń purọ́ pé èsì ò tíì jáde, wọ́n mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí yìí náà ńkọ́? Mo máa ń rí yín bí ẹ ṣe ń yọ́ wọlé lọ bá wọn ní ìrọ̀lẹ́, tí ẹ bá rí mi, ẹ ó ní iyọ̀ lẹ fẹ́ lọ tọrọ. Iyọ̀! Èmi tí mò ń ta iyọ̀ ni mo jókòó síbí!

Kí wọ́n tó kú, ǹjẹ́ wọ́n sọ ọ̀kan fún mi? Ọ̀kan péré? Wọ́n kó gbogbo ẹ̀ wọ sàréè.

Kì í ṣe pé n kò gbìyànjú. Mo gbé ẹ̀wà lọ. Mo gbé ẹ̀bìrìpò lọ, èyí tí mo fọwọ́ ara mi pọ́n séwé. Wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á pọ́nnu lá, wọ́n á ní, "Rédíò, o ṣeun." Rédíò ni wọ́n ń pè mí. Mo ní, "Màmá, mo rí ọmọbìnrin ilé kejì lánàá, ojú ẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ nígbà tó ń jáde lọ́dọ̀ yín." Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni o, èéfín ilé ìdáná mi ni." Èéfín wo? Gáàsì ni Màmá ń lò!

Nígbà tó sú mi, mo ní, "Ó dáa, ẹ sáà sọ ìtàn kan fún mi, ìtàn èyíkéyìí." Wọ́n bá gbé ìtàn Kòsọ́kọ́ kalẹ̀, bí ọba náà ṣe gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́ nígbà tí àwọn Òyìnbó fi àgbá lé e kúrò l'Ékòó ní 1851, àti pé òun ni wọ́n fi ń ṣọdún Káyókáyó lẹ́yìn Iléyá títí dòní. Ẹni tó ti kú láti 1872! Tẹni tó wà láàyè ni mo fẹ́ gbọ́.

Ìwé-ẹ̀rí Gíréèdì Túù ni Màmá kọ́kọ́ fi ṣe tíṣà ní Ẹ̀pẹ́, nígbà iléèwé àárọ̀ àti ọ̀sán. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀ ọ́n. Kíláàsì ò tó l'Ékòó nígbà náà, ọ̀wọ́ kan á lọ láàárọ̀, òmíràn á wọlé lọ́sàn-án, nígbà tí oòrùn ti gbóná janjan. Ìgbà tí Lateef Jákàńdè di gómìnà ní 1979 ló fòpin sí i. Ó kọ́ kíláàsì gbọọrọ gbọọrọ káàkiri, àwọn alátakò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilé adìẹ ni. Àwọn adìẹ inú ẹ̀ ti di dókítà báyìí, wọ́n wà l'Amẹ́ríkà, wọn kì í gbé fóònù.

Ọmọ ọ̀sán kan wà ní kíláàsì Màmá nígbà náà, gbogbo ìgbà ló máa ń sùn. Orí ẹ̀ ò ní í pẹ́ kan tábìlì, gbì! Àwọn tíṣà yòókù ti nà án títí, ó ti sú wọn. Màmá ò nà án. Wọ́n ní kó dúró dè wọ́n lẹ́yìn iléèwé, wọ́n ra àkàrà fún un, wọ́n sì dákẹ́. Ìgbà tí àkàrà dé ìdajì, ọmọ sọ̀rọ̀. Òru ni òun àti bàbá ẹ̀ máa ń wọ ọ̀sà lọ dẹ àwọ̀n, ilẹ̀ á mọ́ bá wọn lórí omi, ìyá ẹ̀ á kó ẹja lọ sọ́jà, òun á wá sáré wá síléèwé. Màmá ní ọjọ́ yẹn ni àwọn mọ irú iṣẹ́ tí àwọn fẹ́ ṣe. Èmi bi wọ́n pé ọmọ ta ni. Wọ́n ní ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni. Gbogbo Ẹ̀pẹ́, ẹ gbọ́ mi!

Ni wọ́n bá lọ sí Yunifásítì Èkó ní Akọkà, wọ́n kọ́ iṣẹ́ kánsẹ́lọ̀, ìyẹn gbígba àwọn ọmọ iléèwé nímọ̀ràn, ìjọba sì gbé wọn wá sí iléèwé kan ní Ìkòròdú níbí. Ọ́fíìsì tí wọ́n fún wọn, yàrá tí wọ́n ń kó ọkọ́ àti àdá sí tẹ́lẹ̀ ni. Màmá fi kọ́tìnnì dí ojú fèrèsé, wọ́n gbé àga méjì sí i. Ẹnikẹ́ni ò kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Àwọn ọmọ rò pé ẹni tó bá wọbẹ̀ ti lóyún tàbí pé ó ti jalè. Kí ni Màmá ṣe? Wọ́n ra báàgì omi tútù síbẹ̀. Oòrùn Ìkòròdú ló lé àwọn ọmọ wọlé, ẹnu wọn sì ni wọ́n fi san owó omi.

Mo bi wọ́n nígbà kan pé ta ló dá irú iṣẹ́ báyìí sílẹ̀, ká máa gbọ́ tẹnu ènìyàn, kí ìjọba máa sanwó fún wa. Mo ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ láti kékeré! Wọ́n ní ní ilẹ̀ wa, Ìbàdàn ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1959, àwọn Sísítà Kátólíìkì ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, rí i pé àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ jáde ìwé ò mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Wọ́n pe bí ogún àwọn òṣìṣẹ́ jàǹkàn-jàǹkàn, oníkálukú wá ṣàlàyé iṣẹ́ ẹ̀ fún àwọn ọmọ náà. Ọmọ 60 ló wà níbẹ̀, 54 nínú wọn ló ríṣẹ́. Nígbà tó fi máa di 1976, àwọn kánsẹ́lọ̀ ti pọ̀ débi pé wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Àwọn ibi ẹgbẹ́ yẹn ò wọ̀ mí létí. Mo ní, "Màmá, 60 ni, 54 ríṣẹ́. Àwọn mẹ́fà ńkọ́?" Màmá bọ́ awò ojú wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ. Wọ́n ní, "Rédíò, gbogbo ẹni tí mo bá sọ ọ́ fún ló máa ń pàtẹ́wọ́ fún 54. Ìwọ lo kọ́kọ́ bi mí léèrè mẹ́fà." Wọ́n ní tìtorí mẹ́fà ni àwọn ṣe ń jí lọ síbi iṣẹ́.

Iṣẹ́ ọ̀hún gan-an, bí ọmọ bá parí JSS 3, ó gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá Science, Art tàbí Commercial ló máa ṣe. Ibẹ̀ ni ogun ti ń bẹ́. Kò sí òbí kan ní Ìkòròdú tó bímọ tí kì í ṣe dókítà. Bàbá kan wà ní ẹ̀yìn ọjà, ẹni yẹn fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́ níbi ayò, ẹ má rò pé Màmá ló sọ ọ́. Ọmọ ẹ̀ gba oókan lórí ogún nínú ìdánwò sáyẹ́ǹsì, bàbá ní Science ló máa ṣe, kò sí ohun tẹ́nì kan máa sọ. Màmá ò bá a jà. Wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi mú ìwé èsì ìdánwò tiyín náà wá lọ́la, kí n lè mọ ibi tí ọmọ ti máa jogún ẹ̀." Bàbá lọ, kò padà wá. Ọmọ yẹn ló ń ṣe ìṣirò owó ní báńkì báyìí, mọ́tò ẹ̀ ni bàbá fi ń yangàn.

Ti gọ́tà ńkọ́? Ayálégbé kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti Mushin gbọ́ tí à ń pe Màmá ní Kánsẹ́lọ̀, ó rò pé ti ìjọba ìbílẹ̀ ni. Ó kọ̀wé ẹ̀sùn lórí gọ́tà, ó so táì mọ́rùn, ó di ọ̀dọ̀ wọn. Màmá gba ìwé, wọ́n kà á tán, wọ́n ní kó jókòó. Mò ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà láti ìsọ̀. Kí wọ́n tó kírun Alásàrì ló wọlé, ilẹ̀ ti ṣú kó tó jáde, táì ti wà lápò, ojú ti wú. Gọ́tà wo ló ń pa ọkùnrin lẹ́kún báyìí? Nígbà tó yá, a rí ìyàwó ẹ̀ tí kò bá a kó wá, ó sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ máàrúwà pẹ̀lú àpótí méjì àti ọmọ kan. Gọ́tà ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀ o, ẹ̀ ń gbóòórùn ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tí kì í ṣe ẹ̀rín. Ẹ rántí ìgbà àwọn apànìyàn Badoo, láàárín 2016 sí 2017, tí oorun kúrò lójú gbogbo Ìkòròdú. Òru ni wọ́n ń wọlé tọ ènìyàn, òkúta ọlọ ni wọ́n fi ń fọ́ orí, tọkọtaya àti ọmọ. Ẹ̀rù bà wá débi pé ìlú ò bojú wo ẹni tó ń lù mọ́. Ẹni tí àwọn ará ìlú bá rí lóru tí kò lè sọ ibi tó ń lọ, táyà ti dé ọrùn ẹ̀, wọ́n sì pa ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, àwọn ọdẹ àdúgbò mú ọmọkùnrin kan nítòsí igi àgbálùmọ̀ yẹn. Ọ̀pọ̀ ẹnu ti ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ó máa ń gbé báàgì kọjá ní aago kan òru. Kí a tó ṣẹ́jú, èrò ti pé. Wọ́n bi í, kò sọ̀rọ̀, eyín ẹ̀ kàn ń gbá ara wọn. Ni Màmá jáde, aṣọ ìsùn ni wọ́n wọ̀, wọ́n fi ìborùn borí sódì. Wọ́n wọ àárín èrò, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ti ọmọ náà, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì bí ẹni fẹ́ ṣa ẹ̀wà. Wọ́n ní, "Ọmọ mi ni."

Ẹnì kan ní kí wọ́n sọ ibi tó máa ń lọ lóru.

Wọ́n ní, "Mo mọ̀ ọ́n. N kò ní í sọ ọ́."

Ariwo sọ. Màmá ò dá ariwo lóhùn. Ojú ni wọ́n ń wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yí ọrùn díẹ̀díẹ̀. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀, mo rí i kedere: bí ojú wọn bá ti kan ẹnì kan, ẹni náà á wolẹ̀. Ọkùnrin tó gbé kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù, ẹni tó ń pariwo jù, wọ́n wò ó títí, ó rọra sọ kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀, ó ní ọmọ òun ń sunkún nílé. Ta ló gbọ́ ẹkún? Wọ́n mọ tiẹ̀ náà ni! Ìdajì àwọn tó wà níbẹ̀ ló ti jókòó sórí àga Màmá rí. Bí èrò ṣe tú ká nìyẹn.

Ọmọ yẹn ti di bàbá ọmọ báyìí, ó máa ń ra gaàrí lọ́wọ́ mi. Mo ti bi í ibi tó ń lọ nígbà yẹn. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Mà." Ó san owó ẹ̀, ó lọ.

Ìgbà tí Màmá pé ọgọ́ta ọdún, ìjọba ní kí wọ́n lọ sinmi. Ìsinmi wo? Ìjókòó kàn kúrò ní iléèwé, ó di abẹ́ igi àgbálùmọ̀. Bí àkókò JAMB bá dé, ẹ mọ bí àwọn ọmọ ṣe máa ń tò síbẹ̀. Èyí fẹ́ kọ́ Law, kò ṣe Literature. Èyí fẹ́ di nọ́ọ̀sì, kò fẹ́ rí Physics sójú. Màmá ò gba kọ́bọ̀. Èmi ni mò ń ta bisikíìtì fún wọn, kí n má purọ́, ó pé mi.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ páálí. Lọ́jọ́ kẹta òkú, àwọn ọmọ Màmá ní ká wá bá àwọn palẹ̀ yàrá mọ́. Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán, mo ti dé ibẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Mo rí páálí ńlá kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi okùn dì í. Ọkàn mi ń lù kìkì. Mo ní gbogbo Ìkòròdú rèé! Mo tú u. Ìwé JAMB ni, ìwé tí wọ́n máa ń to orúkọ yunifásítì àti ẹ̀kọ́ sí, ọdún lórí ọdún. Àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ gan-an, wọ́n ti fi í sílẹ̀ síléèwé lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Ohun tó wà nínú ìwé wọ̀nyẹn kò ju pẹ́ńsùlù lọ: wọ́n á yí pẹ́ńsùlù ká ẹ̀kọ́ kan, níbí Nursing, níbí Quantity Surveying, ní ojú ewé kan báyìí Fisheries. Orúkọ ẹnikẹ́ni ò sí níbẹ̀.

Ṣé ẹ rò pé mo gbà? Mo há gbogbo àwọn ẹ̀kọ́ yẹn sórí, mo gbé e lọ sí fídáù. Mò ń lọ láti àga dé àga. "Ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Ẹ dákun, iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?" Ẹnì kan rò pé mo fẹ́ yáwó, ó ní òun ò níṣẹ́ lọ́wọ́. Gbogbo wọn ló ń sọ pé àwọn ni Màmá fẹ́ràn jù. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀: "Ohun tí mo sọ fún wọn nígbà yẹn, bí kì í bá ṣe tiwọn ni..." Ó kù díẹ̀ kó jáde, wọ́n á fi omi lé e, wọ́n á gbé e mì. Iyán lójú, iyán lẹ́nu, kò dé ọ̀fun mi!

Àfi ọkùnrin kan tó ti hewú nírùngbọ̀n. Òun ló gbé kúlà ẹja wá, ó ń pín in fúnra ẹ̀. Mo bi í, ó ní òun ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní ẹ̀kọ́ ẹja sísìn. Ara mi gbọ̀n. Mo sún mọ́ ọn, mo ní, "Ẹ̀yin lẹ máa ń sùn ní kíláàsì lọ́sàn-án." Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní, "Màmá sọ fún yín?" Ẹ wo bí mo ṣe ń búra! Mo ní wọn ò sọ ọ́ o, wọn ò dárúkọ, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ní, ẹ̀yin lẹ fẹnu ara yín sọ ọ́ báyìí. Èmi ni mò ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má ba Màmá lórúkọ jẹ́, èmi yìí! Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún pọ̀ mọ́ ọn, ó bu ẹja méjì kún tèmi. Ẹja yẹn lẹ̀ ń wá nínú àpò.

Ọ̀kan péré ni mo rí mú nínú gbogbo wọn. Ó tún ku ìwé kan, èèpo ẹ̀yìn ẹ̀ ti ya, Mass Communication ni wọ́n yí pẹ́ńsùlù ká nínú ẹ̀. Èyí, n kò wá a kiri, mo mọ ẹni tó ni ín. Obìnrin kan ni, ó ti lọ́kọ, ó ti bímọ. Ó lọ bá Màmá lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní òun fẹ́ máa ka ìròyìn, kí gbogbo ayé máa gbọ́ ohùn òun. Bó bá ṣe ẹlòmíràn ni, á rẹ́rìn-ín. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé ìwé sílẹ̀, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ti dára, kó kàn lọ tún Literature kọ. Ó tilẹ̀ ra fọ́ọ̀mù. Oyún ìkejì dé, ọkọ ní kí wọ́n fi owó tó yẹ kó fi kàwé ra èlùbọ́ tí wọ́n máa tà, ọ̀rọ̀ kú síbẹ̀. Màmá ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, wọn ò sì fi ṣẹ̀sín. Ohun tí wọ́n kàn ṣe ni pé, láti àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí wọ́n bá ti rí obìnrin yìí lẹ́nu ọjà ẹ̀, orúkọ tí wọ́n ń fi pè é ni...

Ta nìyẹn? Ta ló ń kan ìsọ̀? Kóńgò gaàrí mélòó? Mò ń bọ̀! Ìyá Ìbejì, kí lẹ̀ ń wò mí sí báyẹn? Ẹ gbẹ́nu yín dé, ẹ kúrò lórí aṣọ mi kí n dìde.